Ìpolówó Ọjà ni Àgúnmu Òwò

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Kò sí ẹni tí a tọ́ dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò mọ ohùn ìyá ẹlẹ́kọ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tàbí ohùn ọmọ tí ń kiri àgbàdo sísè nígbà tí oòrùn bá rọ̀. Kí a tó fojú kan igbá wọn ni a ti mọ ohun tí wọ́n ń tà, tí a ti mọ̀ bí ó ti gbóná tó, tí itọ́ sì ti ń dà lẹ́nu wa. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, àwọn baba àti ìyá wa kò sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ohùn ènìyàn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí ń hun aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn kò lè ké kí ará Èkó gbọ́. Ẹni tí ń rẹ àdìrẹ láró ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, kò lè pè kí ará Àkúrẹ́ dáhùn. Ìwé ìròhìn àti rédíò ni ó lè bá irú wọn gbé ohùn náà rékọjá odò àti òkè. Ó ṣe ni láàánú pé àwọn tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ yìí jù lọ ni kì í sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ìròhìn. Wọ́n á ní ti ìjọba ni, ti àwọn olówó ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì fi ìgboyà wọlé, tí ó béèrè iye tí a ń gbà fún ìpolówó ojú ìwé kan, ẹnu a yà á, a sì padà sílé láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí wọn kò mọ̀. Ọ̀nà náà ni àtẹ̀jáde fún àwọn oníròhìn. Ìwé kúkúrú ni, tí oníṣòwò fi ń sọ fún olóòtú pé ohun báyìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, tàbí pé ó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ní ibi iṣẹ́ òun, àti pé ó tọ́ kí àwọn òǹkàwé gbọ́ nípa rẹ̀. A kì í sanwó kí a tó tẹ̀ ẹ́. Bí olóòtú bá rí i pé ìròhìn ni, yóò tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá rí i bẹ́ẹ̀, yóò jù ú nù. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kì í ṣe àjèjì sí i. Lójoojúmọ́ ni àwọn akọ̀wé ìpolongo ẹgbẹ́ ń fi àtẹ̀jáde síta, tí àwọn ìwé ìròhìn sì ń kún fún un. Irinṣẹ́ tí ó ń gbé olóṣèlú ga lè gbé alágbẹ̀dẹ àti aránṣọ pẹ̀lú dìde.

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni a ń sọ yìí. Ìwádìí tí àjọ SMEDAN, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 láti máa ran àwọn okòwò kéékèèké lọ́wọ́, gbé jáde pẹ̀lú àjọ NBS ní ọdún 2021 fi hàn pé irú okòwò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 39. Lábẹ́ wọn ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọ́ṣẹ́. Láti ara èrè wọn ni owó ilé ìwé ti ń jáde. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kógbá sílé, kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó jẹ́ pé ọjà rẹ̀ kò dára. Nígbà mìíràn, àwọn tí ìbá rà á ni kò mọ̀ pé ó wà. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ibi tí àṣà náà ti ṣẹ̀

Láti ìgbà tí ìwé ìròhìn ti dé ilẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ òwò ti ní àyè nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Òtítọ́ ni pé ìjọ ni ó bí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òwú àti òwò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìjọ. Ènìyàn fẹ́ gbọ́ ohun tí ó kan àpò rẹ̀, bí ó ti rí nígbà náà ni ó rí títí di òní.

Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni àtẹ̀jáde gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí ti gbilẹ̀, ẹni tí ọ̀pọ̀ sì ń pè ní baba rẹ̀ ni Ivy Lee, tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ oníròhìn rí. Ní ọdún 1906, nígbà tí ó ń ṣojú fún àwọn tí ó ni ibi ìwakùsà èédú, ó kọ ìwé sí àwọn olóòtú. Ó là á yé wọn pé gbangba ni òun ti ń ṣiṣẹ́ òun, kì í ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Ó ní bí wọ́n bá rò pé ojú ìwé ìpolówó ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ òun wà, kí wọ́n má ṣe lò ó rárá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ ojú irin iléeṣẹ́ Pennsylvania Railroad já bọ́ sínú omi láti orí afárá ní Atlantic City, ènìyàn tí ó lé ní 50 sì kú. Àṣà àwọn iléeṣẹ́ nígbà náà ni láti bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ivy Lee kò gbà. Ó kọ bí ọ̀rọ̀ ti rí sílẹ̀ fún àwọn oníròhìn, ó sì jẹ́ kí a gbé wọn lọ síbẹ̀ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i. Ìwé ìròhìn New York Times tẹ ohun tí ó kọ jáde láì yí i padà.

Ẹ kíyè sí i. Àtẹ̀jáde tí ó lókìkí jù nínú ìtàn iṣẹ́ yìí kò yin ẹnikẹ́ni, kò sì ta ohunkóhun. Ìròhìn burúkú ni, a sọ ọ́ bí ó ti rí, a sì gbà á gbọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà tí a fi ń fi í ránṣẹ́ ti ń yí padà. Ní ọdún 1954, Herbert Muschel dá PR Newswire sílẹ̀ ní New York láti máa fi wáyà gbé àtẹ̀jáde dé ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìròhìn lẹ́ẹ̀kan náà. Lónìí, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ aránṣọ lè ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tí kò yí padà ni ohun tí olóòtú ń wá nínú ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí i.

Ìròhìn kì í ṣe oríkì

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Oníṣòwò jókòó láti kọ àtẹ̀jáde, oríkì ara rẹ̀ ni ó kọ. Yóò kọ ọ́ báyìí: “Iléeṣẹ́ wa ni àgbà iléeṣẹ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ọjà wa kò ní ẹlẹgbẹ́. Ẹ tètè wá rà á kí ó tó tán.” Olóòtú yóò kà á, yóò bi ara rẹ̀ pé: kí ni ó ṣẹlẹ̀? Níbo ni? Nígbà wo? Kò ní rí ìdáhùn kan. Bí ó bá ju ìwé náà sínú agbọ̀n, kì í ṣe ọ̀tá oníṣòwò ni ó ń ṣe. Àwọn òǹkàwé tí ó fi owó wọn ra ìwé ìròhìn ni ó ń dáàbò bò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ahunṣọ kan ní Ìṣẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ. Dípò kí ó yin òfì rẹ̀, kí ó kọ báyìí: “Láti ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀, ahunṣọ kan ní Ìṣẹ́yìn yóò máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama 12 ní iṣẹ́ òfì lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ó ní àwọn ọmọ tí ń wá kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ òun ń dín kù.” Nínú gbólóhùn kan yìí, a ti mọ ẹni tí ó ń ṣe é, ohun tí ó ń ṣe, ibi tí ó wà, ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀, bí yóò ti ṣe é àti ìdí rẹ̀. Kò bẹ ẹnikẹ́ni kí ó wá ra aṣọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń wá sányán, àlàárì tàbí ẹtù fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ti mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òun yóò lọ.

Àwọn ènìyàn a máa wí pé iṣẹ́ àwọn kéré, pé kò sí ìròhìn nínú rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìròhìn wà nínú ìsọ̀ tuntun tí a ṣí ní ìlú tí irú rẹ̀ kò sí tẹ́lẹ̀. Ó wà nínú ọmọ iṣẹ́ márùn-ún tí ó gba òmìnira lọ́jọ́ kan náà, àti nínú ọgbọ̀n ọdún tí kò yẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kan. Ó wà jù lọ nínú ìdáhùn sí ohun tí ń dààmú ìlú lọ́wọ́lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí owó ọkọ̀ fò sókè, tí ohun gbogbo sì gbówó lórí, gbogbo ìlú ni ó ń béèrè bí a ó ti ṣe é. Oníbúrẹ́dì tí ó bá rí ọ̀nà láti máa dáná ní ìwọ̀nba owó nígbà náà, tí kò sì fi kún iye búrẹ́dì rẹ̀, ti ní ìròhìn tí olóòtú kankan kò ní kọ̀.

Bí a ti ń kọ ọ́

Kí àtẹ̀jáde má ṣe ju ojú ìwé kan lọ. Lókè rẹ̀ ni a ó kọ orúkọ okòwò náà, ìlú tí ó wà, àti ọjọ́ tí a kọ ọ́. A ó sọ bóyá olóòtú lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tàbí kí ó dúró di ọjọ́ kan pàtó. Lẹ́yìn náà ni àkọlé, tí yóò sọ ìròhìn náà ní ọ̀rọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, láìsí àwàdà àti láìsí ìfọ́nnu.

Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni kí ó ru ẹrù ọ̀rọ̀ náà. Bí àyè bá há nínú ìwé ìròhìn, láti ìsàlẹ̀ ni olóòtú ti ń gé ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹran sí ìsàlẹ̀ ìkòkò lè rí i pé omi ọbẹ̀ nìkan ni a bù fún òǹkàwé. Ìpínrọ̀ kejì ni ti ìdí àti ti iye: ènìyàn mélòó, náírà mélòó, ọjọ́ mélòó. Iye tí ó dájú níyì ju “púpọ̀púpọ̀” lọ.

Nínú ìpínrọ̀ kẹta, ẹ jẹ́ kí oníṣòwò fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí a kọ ohun tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde, kì í ṣe ohun tí akọ̀wé rò pé ó yẹ kí ó sọ. Káfíńtà ni kí ó dún bíi káfíńtà. Bí a bá fi ẹnu ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀ fún un, ará àdúgbò rẹ̀ tí ó bá kà á yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì ṣiyè méjì lórí ìyókù. Ní ìparí, kí a fi ìlà méjì sọ ọdún tí okòwò náà bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ó ń ṣe, kí a sì kọ orúkọ ẹnìkan àti nọ́ńbà fóònù tí ẹni náà yóò gbé nígbà tí oníròhìn bá pè. Bí fọ́tò bá wà, kí ó mọ́lẹ̀ kedere, kí a sì kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ohun kan wà tí àwọn olùkọ́ yóò mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Bí a bá ń kọ àtẹ̀jáde fún rédíò lédè Yorùbá, kí a má ṣe fi àmì ohùn sílẹ̀. Ẹni tí yóò ka ìròhìn náà lè má ti dé ìlú yín rí. Bí ó bá rí “owo” láìsí àmì, ta ni yóò sọ fún un bóyá owó ni, tàbí òwò, tàbí ọwọ́, tàbí ọ̀wọ̀, tàbí Ọ̀wọ̀ tí í ṣe ìlú? Orúkọ tí a ṣì pè lórí afẹ́fẹ́ dà bí ẹyin tí ó bọ́ lọ́wọ́, kò ṣe é kó mọ́.

Bí a ti ń pín in

Àtẹ̀jáde tí a kọ dáadáa, tí kò dé ọwọ́ ẹni tí ó yẹ, kò yàtọ̀ sí lẹ́tà tí a gbàgbé sínú àpótí. Kí oníṣòwò ní ìwé kan tí yóò kọ orúkọ àwọn ilé ìwé ìròhìn àti rédíò sí, ẹni tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òwò níbẹ̀, ọjọ́ tí a fi ìwé ránṣẹ́ sí i, àti bóyá ó tẹ̀ ẹ́ tàbí kò tẹ̀ ẹ́. Bí olùkọ́ ti ń tọ́jú ìwé ìpe-orúkọ ni kí ó ṣe máa tọ́jú rẹ̀.

Kí ó bẹ̀rẹ̀ nílé. Rédíò ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbọ́. Ìwé ìròhìn Yorùbá bí Aláròyé ni àwọn ará ọjà ń kà. Olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tí Ẹgbẹ́ Àwọn Oníròhìn, NUJ, tí ó ti wà láti ọdún 1955, ti ń pàdé. Ìyágankú ni ti Ìbàdàn wà. Ti Abẹ́òkúta ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn, ní ìrántí ìwé tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Ní irú ibẹ̀ ni a ti lè rí àwọn tí ń ṣojú fún àwọn ìwé ìròhìn Èkó. Kí a má sì gbàgbé iléeṣẹ́ NAN tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1976, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ìròhìn ni ó ń gba ìròhìn lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá gba ọ̀rọ̀ kan wọlé, ọ̀rọ̀ náà lè jáde níbi púpọ̀.

Òwúrọ̀ ni ó dára láti fi í ránṣẹ́, nítorí ní ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ìwé ìròhìn ojoojúmọ́ ń di ojú ìwé wọn. Ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fẹ́ kí a tètè dé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ayẹyẹ bá wà, kí ìpè dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ìròhìn rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ náà gan-an. Kí a yẹra fún ọjọ́ ìdìbò, nígbà tí olóòtú kò ní etí fún ohun mìíràn. Bí a bá fi í-meèlì ránṣẹ́, kí a kọ ọ̀rọ̀ náà sójú lẹ́tà, kí oníròhìn má baà máa ṣí àpò kí ó tó rí i. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, a lè pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti béèrè bóyá ó rí i gbà. Ẹni tí ó bá pè nígbà mẹ́wàá ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tí a ń sá fún. Kí a tó fi í ránṣẹ́, kí ọjà sì ti wà lórí àtẹ. Ìtìjú ni kí ènìyàn ti Ìlọrin wá, kí ó bá ìsọ̀ ní títì.

Òótọ́ àti owó

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Àwọn kan yóò gba oníṣòwò nímọ̀ràn pé kí ó di owó sínú àpò ìwé pẹ̀lú àtẹ̀jáde rẹ̀. Kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ tí àwọn oníròhìn Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 1998 ka béèrè tàbí gba irú owó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ẹni tí ó bá sì ra ìròhìn lónìí yóò máa rà á títí ayé. Olówó yóò fi owó ju tirẹ̀ lọ, òun yóò sì padà sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ó ti kúrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ sanwó, kí ó ra àyè ìpolówó ní gbangba, kí òǹkàwé mọ̀ pé ìpolówó ni. Òfin wà fún ìyẹn pẹ̀lú: òfin ọdún 2022 tí ó dá àjọ ARCON sílẹ̀ ní kí a gbé ìpolówó wá fún àyẹ̀wò kí ó tó jáde.

Bí owó kò ti yẹ, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ kò yẹ. Òfin ọdún 2018 tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà kà á léèwọ̀ kí a fi irọ́ ta ọjà. Ẹni tí ń po àgbo tàbí tí ń ṣe oúnjẹ nínú ike ní láti lọ sọ́dọ̀ àjọ NAFDAC kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ̀. Kí ó má sì ṣe kọ ọ́ sínú ìwé pé ó wo àrùn tí kò wò. Òtítọ́ ni pé àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Oníṣòwò ńlá lè ní agbẹjọ́rò tí yóò gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Oníṣòwò kékeré kò ní nǹkan kan ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀. Nígbà kan rí, ẹ̀yin ni ẹ ń bá ìlú ka lẹ́tà tí ó ti òkè òkun dé, tí ẹ sì ń bá wọn kọ èsì. Àwọn òbí ọmọ tí ẹ ń kọ́ ni wọ́n ń hun aṣọ, tí wọ́n ń rọ ọkọ́ àti àdá, tí wọ́n ń yan gàrí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ iṣẹ́ ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n kọ lọ. Wákàtí kan ní ọjọ́ Sátidé, ojú ìwé kan, àti òótọ́ inú ni ó kù kí ẹ fi kún iṣẹ́ wọn. Ẹ lè sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣetiléwá fún àwọn ọmọ kíláàsì àgbà: kí olúkúlùkù lọ bi òbí tàbí aládùúgbò rẹ̀ léèrè ohun tuntun tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí ó kọ ọ́ ní ojú ìwé kan, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì fi èyí tí ó dára jù ránṣẹ́ sí rédíò. Ọmọ yóò kọ́ bí a ti ń kọ̀wé, yóò kọ́ bí a ti ń sọ òótọ́, iṣẹ́ òbí rẹ̀ yóò sì di mímọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀yin náà mọ ilé àwọn olóòtú, ẹ sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ fi ọ̀nà náà han alágbẹ̀dẹ àdúgbò yín, kí ẹ má sì béèrè pé kí ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín sínú ìwé rẹ̀. Ọjà kò mọ ẹgbẹ́; gbogbo ìlú ni ó ń náwó níbẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ ti ń ṣe tirẹ̀ láti kùtùkùtù òwúrọ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn nílò ẹni tí yóò bá a ké, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n kọ ni iṣẹ́ náà tọ́ sí.